Agbádá Ńlá, Bóòtù Táíwàn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo. Ẹ̀yin ará Asese, ẹ mọ bàbá tí mò ń bá wí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ojú á tún kan ojú lọ́jà. Ṣé ẹ rántí ẹni tó dí òpópónà pa láti àárọ̀ Sátidé títí di ìdájí ọjọ́ Àìkú nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀? Èyí tó wọ agbádá aṣọ òkè tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, tó ń náwó fún onífújì títí ẹ̀yìn fi ń ro àwọn tó ń bá wọn ṣa owó nílẹ̀. Òun náà ni. Òun náà ló sì ni ọkọ̀ Sienna tó ń ná Asese sí Berger l’Ékòó.

Ìnáwó kò tíì tutù tán tí dírẹ́bà rẹ̀ fi lọ bá a pé ọkọ̀ ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ níwájú lápá òsì bó bá ti bọ́ sí kòtò. Ó ní bóòtù tó de kálípà, ọwọ́ irin tó ń gbá dísìkì bíréèkì mú, mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ ní tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà yíyí ara rẹ̀, kí bàbá fún òun lówó kí òun ra méjì. Ẹ mọ èsì tó fọ̀? Ó ní, “Bóòtù lásán! Ẹ dá ọgbọ́n sí i.”

Hẹ̀ẹ̀n! Wọ́n sì dá ọgbọ́n sí i lóòótọ́.

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹni tí pátákó rẹ̀ fẹ̀ ju ìsọ̀ rẹ̀ lọ, rán ọmọ iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́jà irin lẹ́bàá ọ̀nà. Bóòtù tí wọ́n fi ń de géètì ni ọmọ náà rà bọ̀, ó ń dán yinrin, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó tín-ín-rín ju ihò tí wọ́n fẹ́ kì í bọ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ya ọ̀rá búrẹ́dì tí ọmọ iṣẹ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán, wọ́n wé e mọ́ tírẹ́ẹ̀dì bóòtù náà yí po, wọ́n wá ki sìpánà 17 bọ̀ ọ́ lórí, ọ̀gá sì fi gìgísẹ̀ tẹ sìpánà títí ó fi ké kíún. Ó nu ọwọ́ nù lára ṣòkòtò, ó ní ó ti parí. Èérún búrẹ́dì ṣì wà lára ọ̀rá náà! Àwọn tí ojú wọn tó o ló sọ fún mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ ò lanu sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni.

Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tí ẹ̀yin náà ń wọ̀ lọ sí Berger!

Kò pẹ́ kò jìnnà, bóòtù géètì ṣe ohun tí bóòtù géètì ń ṣe. Wọ́n ní ó kù díẹ̀ kí wọ́n gun afárá gígùn ti Kara ni tírélà kan yà síwájú wọn. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, bóòtù já, kálípà fò sókè, ó gbá ríìmù, ó sì fa họ́ọ̀sì já. Ọ́ìlì bíréèkì tú sí títì, ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ kan ilẹ̀ ọkọ̀ gbì. Èrò tó wà nínú Sienna yẹn ju iye tí wọ́n ṣe é fún lọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ìyá kan sì gbé ọmọ ọwọ́ lé itan. Orí ló kó wọn yọ, orí àti àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà, tí wọ́n pín ọ̀nà ọ́ìlì bíréèkì sí méjì kí ìdajì lè ṣẹ́ kù bí ìdajì bá bàjẹ́. Ìdajì tó kù yẹn àti bíréèkì ọwọ́ ni dírẹ́bà fi rọra fà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí bàbá alágbádá sọ nígbà tí ìròyìn dé etí rẹ̀. Ó ní ayé ló ń bá òun jà. Ó ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ni òun ti mọ̀ pé àwọn kan wá fi ojú burúkú wo òun. Ayé wo? Ayé wo ló wé ọ̀rá búrẹ́dì mọ́ bóòtù? Ṣé àjẹ́ ló rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ onígéètì ni? Tùẹ̀ẹ̀!

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Asese yìí, láàárín Ìbafò àti Mówè, ibi àdúrà ni. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT ní ibùdó wọn níbí. Ẹ kọjá Mówè díẹ̀, ẹ dé ibùdó ìjọ tó ń jẹ́ Redemption City. Ẹ padà sẹ́yìn kọjá Ìbafò, ẹ bá Prayer City ti ìjọ MFM. Mi ò rò pé ojú títì kan wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run nítorí jàǹbá ọkọ̀ tó márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí èrò bá jókòó tán, wọ́n á ní kí ẹnì kan fi àdúrà ṣíwájú, gbogbo ọkọ̀ á ṣe àmín títí gíláàsì fi ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi àdúrà ṣíwájú lè jẹ́ òun gan-an ló ni ọkọ̀, tó sì mọ irú bóòtù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ńkọ́? Mẹkáníìkì àti awakọ̀ tó ń pa ajá bọ Ògún lọ́dọọdún, tó mọ̀ pé bí òun bá dé ilé ẹjọ́, irin ni wọn yóò gbé kalẹ̀ kí òun fi búra, òun náà ló ń fi irin purọ́ fún èrò ọkọ̀. Ẹ ò rí i pé ìtìjú ti tán nílẹ̀ yìí?

Ẹ sì mọ irú ọ̀nà tó jẹ́. Kìlómítà 127 ni márosẹ̀ náà, 1978 ni wọ́n ṣí i. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Julius Berger ti tún apá Èkó sí Ṣàgámù ṣe, títì ti tẹ́jú, eré àsápajúdé sì ti gorí rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí dírẹ́bà tó pe “Jésù” tàbí “Allahu Akbar” tán, ó ti kọjá ilé mẹ́ta. Àwọn FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, ní ààyè ọ̀tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ jàǹbá wọn fún bíréèkì tó kọ̀, wọ́n tún ní òmíràn fún ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ ò lè ti gbàgbé afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lórí ọ̀nà yìí kan náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018. Tánkà epo kan ló ṣubú, iná sì jó ọkọ̀ tó lé ní 50, èèyàn sì kú. FRSC ní bíréèkì tánkà náà ló kọ̀. Mi ò sọ pé bóòtù ló fà á o, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ ni pé bíréèkì kì í ṣe ibi tí à ń dá ọgbọ́n sí.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí tí ọ̀gá mẹkáníìkì yẹn mọ̀ tó dákẹ́ lé. Bóòtù tó dáa máa ń ní nọ́ńbà lórí: 8.8, 10.9, 12.9. Agbára irin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ mú irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan, tí òró rẹ̀ náà jẹ́ mìlímítà kan, ẹ so ẹrù rọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ irin 8.8, ẹrù náà á lé ní 80 kílò kó tó já. Bó bá jẹ́ 10.9, á lé ní 100. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì ló ń sọ ìgbà tí irin á nà tí kò ní padà sípò rẹ̀ mọ́. Ti 8.8 á nà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi 65 kílò, ti 10.9 á fara dà á kọjá 90. Bóòtù géètì tí kò ní nọ́ńbà yẹn ńkọ́? Bó bá tilẹ̀ gbìyànjú, ẹgbẹ́ 4.6 ló wà. Kò ju kílò 25 lọ tó fi ti nà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, 8.8 tàbí 10.9 ni wọ́n ń lò láti de kálípà. Èyí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n yọ, tí wọ́n sì fi èyí tí yóò nà kó tó gbé ìdajì ẹrù rẹ̀ rọ́pò, nítorí kí bàbá lè rí owó ná fún onífújì.

Nínà yẹn lọ̀rọ̀ wà. Bóòtù bíréèkì dà bí rọ́bà tí ẹ fi so ẹnu ọ̀rá gààrí. Bí ẹ bá fà á tó ìwọ̀n, ó fún ẹnu ọ̀rá pọ̀ nítorí ó fẹ́ padà sípò. Bí ẹ bá fà á jù, ó rọ̀ pẹ́lẹ́bẹ́, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Bóòtù tó bá ti rọ̀ báyìí kò fún kálípà pọ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì ni kálípà ń mì, tó ń ti bóòtù síwá sẹ́yìn, títí ibì kan yóò fi là lára rẹ̀, tí ìlà náà á máa jinlẹ̀ sí i, tí á fi já. Kì í já ní ìsọ̀ mẹkáníìkì. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì kíkan-kíkan ló ń já, ìyẹn ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kí ẹ sáré lọ ra 12.9 kí ẹ rò pé ẹ ti dé òkè ọ̀run. Irin tó le jù kì í fẹ́ tẹ̀, jíjá ló ń já. Bí wọ́n bá tún fi iná mànàmáná àti kẹ́míkà pa á láró kó lè máa dán, afẹ́fẹ́ háídírójìn lè wọ inú rẹ̀, kó wá ṣẹ́ kán lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Irú èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọmọ ìsìnyí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀kan wà ní Mówè, mọ́tò rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ilẹ̀ lọ, tí ẹ óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó yọ. Wọ́n ní ó yọ gbogbo bóòtù dúdú ilé iṣẹ́ tó wà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ní wọ́n rí jákujàku. Orí fóònù ló ti ra òmíràn, aláwọ̀ pupa àti búlúù, ó sì ń yí i ká fún àwọn ọmọbìnrin wò. Álúmínì ni! Álúmínì nídìí bíréèkì, níbi tí dísìkì ti lè gbóná kọjá 300 lórí ìwọ̀n Celsius bí a bá ń tẹ bíréèkì léraléra, níbi tí álúmínì kò ti ní pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó yẹ kó gbọ́n jù ú lọ, ní kó lọ ra onírin tí kì í dípẹtà. Èyí náà ń tanni jẹ. Ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun, kì í dípẹtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n kọ A2-70 sí lórí, kò ju nǹkan bíi 45 kílò lọ kó tó nà, ìdajì ti 10.9. Ó tún máa ń há mọ́ ara rẹ̀ lójú tírẹ́ẹ̀dì, tí yíyọ rẹ̀ á di ìjà. Fún ìkòkò ọbẹ̀, ó dára. Kò dára fún kálípà.

Ọ̀ràn àwọn wẹ́dà ló ń mú mi dijú. Bóòtù á já sínú, orí rẹ̀ á ṣí kúrò, wọn óò wá jó nọ́ọ̀tì mọ́ èyí tó kù, wọ́n á ní ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wọ́n lọ bi alágbẹ̀dẹ àgbà kan léèrè. Láyé àwọn baba wa, kò sí ọmọ alágbẹ̀dẹ tí kò mọ̀ pé irin tó pọ́n tí a rì sómi ló ń le, àti pé bí a bá tún fi í síná láìmọ ìwọ̀n, líle rẹ̀ ti bá ẹ̀fúùfù lọ. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe bóòtù 8.8 àti 10.9: wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á rì í, wọ́n á tún rọra yá a níná. Iná wẹ́dà tó ń yọ́ irin bí omi ló wá kó lé iṣẹ́ ẹlẹ́gẹ́ yẹn lórí. Bóòtù tó jáde nínú rẹ̀ kò ní nọ́ńbà kankan mọ́, ohunkóhun tí wọ́n ìbáà kọ sí i lórí.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan la mọ ayédèrú. Ní Amẹ́ríkà ní àárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn oníṣòwò kan ń kó bóòtù tí irin rẹ̀ kò tó wọ̀lú pẹ̀lú àmì ìlà mẹ́fà lórí, àmì tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń dá bóòtù alágbára mọ̀. Bóòtù náà ń rọ̀ tó bá gbóná. Ó dé ara ọkọ̀ ogun pàápàá. Ariwo ta, ìjọba wọn sì ṣe òfin lórí bóòtù nìkan ní oṣù kọkànlá ọdún 1990. Bóòtù nìkan! Nílẹ̀ tiwa níbí, Ilé Iṣẹ́ SON tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà wà láti 1971, wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí SONCAP tó yẹ kí ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun ní, àmọ́ ta ni yóò dúró ka orí bóòtù kọ̀ọ̀kan nínú àpò tí wọ́n dà sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà?

Ìtìjú ni kí ẹ fi èyí gbọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Tesla ní kí ọkọ̀ 5,974 padà wá fún àyẹ̀wò nítorí pé ó ṣeé ṣe kí bóòtù kálípà wọn má fún dáadáa. Bóòtù náà kò já o. Kì í ṣe ti géètì. Kò fún tó ni wọ́n ń fura sí. Ní ọdún kejì rẹ̀, ní oṣù kẹfà bákan náà, Toyota ní kí àwọn tó ra bZ4X tuntun, nǹkan bí i 2,700 ọkọ̀, gbé e kalẹ̀, kí wọ́n má wà á mọ́ rárá, nítorí bóòtù ẹsẹ̀ táyà lè tú. Toyota tó ṣe Sienna bàbá yìí! Àwọn yẹn tijú, wọ́n sọ ọ́ síta kí gbogbo ayé gbọ́. Ti Asese wa, ọ̀rá búrẹ́dì ni.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ìyà ló ń jẹ ará ìlú, pé ọ̀rìjínà ti wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, èmi náà ń ra nǹkan lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ládìpọ̀ ní Mushin, ẹ wá ti Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tí wọ́n tú lára irú ọkọ̀ yín gan-an, tí nọ́ńbà ṣì wà lórí rẹ̀, tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò jẹ, tí ìpẹtà kò jẹ ẹ́ lọ́rùn. Tèmi ni pé irú èyí sàn lọ́nà ẹgbẹ̀rún ju tuntun Táíwàn tí kò lórúkọ. Ẹ má gbàgbé pé ojú tírẹ́ẹ̀dì náà gbọ́dọ̀ bára mu. Bóòtù méjì lè sanra bákan náà kí tírẹ́ẹ̀dì ọ̀kan há ju ti èkejì lọ. Bí ọwọ́ lásán kò bá lè yí i wọlé fún ìgbà mélòó kan kí sìpánà tó dé e, kì í ṣe tibẹ̀. Mẹkáníìkì tó ń fi gìgísẹ̀ kì í wọlé ń ba ihò jẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ihò kálípà wọ́n ju bóòtù lọ fíìfíì. Bóòtù tó ní ihò nínú, tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà kọjá lọ sí kálípà, ẹ má tilẹ̀ dá ọgbọ́n kankan sí i, kí ẹ sì ra wáṣà bàbà rẹ̀ tuntun ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú u.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí Sienna wà báyìí? Ó ti padà sójú títì. Wọ́n kùn ún, wọ́n kọ orúkọ ìyàwó tuntun sí i lẹ́yìn. Mo béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà pé irú bóòtù wo ni wọ́n fi sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n rówó ilé san.” Bàbá alágbádá sì ti ń múra ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti ń pín àǹkárá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ má rán owó sí mẹkáníìkì kí ẹ jókòó sílé. Ẹ lọ dúró tì í, ẹ gba bóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi àkísà nu orí rẹ̀, kí ẹ kà á kó tó wọlé. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ dá a padà fún onígéètì. Bó bá bínú pé ẹ ò fọkàn tán òun, ẹ wa ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin èrò, bí ẹ bá gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ yẹn níwájú bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò tàbí bí dírẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì, ẹ ní kó já yín sílẹ̀ ní Ìbafò. Owó ọkọ̀ tó bá lọ, kó máa lọ.